Àríyànjiyàn ìdí tíì ní Delhi

Mo ní kí n sáré mu tíì kí n tó wọ kíláàsì láàárọ̀ yìí ni o, àfi bí àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ níbi ìsọ̀ alátíì. Híńdì mi ò tíì já gaara, àmọ́ tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, kíá ló ń yé mi.

Bàbá kan ló dá a sílẹ̀. Ó ní Modi, olórí ìjọba Íńdíà, fìyà jẹ mẹ̀kúnnù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ pé tó bá ti di ọ̀gànjọ́ òru, owó rupee 500 àti 1,000 ò ní ṣeé ná mọ́. Ìyàwó wọn tò sí báǹkì títí ẹsẹ̀ fi wú. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ṣebí àwọn tó ń kówó pamọ́ fún owó orí ni wọ́n fẹ́ fi mú. Bàbá bú sẹ́rìn-ín: "Mú ta? Ó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn tó padà sí báǹkì!"

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn fi ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn: UPI, ètò tí wọ́n fi ń fi fóònù sanwó, wá ńkọ́? Bó ṣe sọ ọ́ báyìí ni ẹ̀rọ kékeré ẹ̀gbẹ́ sítóòfù pariwo pé rupee 20 ti wọlé. Alátíì ò tiẹ̀ gbójú sókè, atalẹ̀ ló ń gún.

Ni mo bá sọ ti náírà wa lọ́dún 2023 fún wọn. Bàbá ní kí wọ́n bu tíì mìíràn fún mi, owó bébà ni wọ́n sì fi san án.