Ẹ Má Bo Gìtá Bàbá Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣeré ní London níbí, mo gbọ́ orin tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ gbé olórin àgbà wọ sítúdíò kó wá fi gìtá rẹ̀ ṣe funk, orin ijó àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Èrò yín dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo wá bàbá nínú orin náà, mi ò rí i. Ìlù yín nìkan ni mo gbọ́. Irú rẹ̀ ti ṣojú mi rí, kò sì tíì tán nínú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ lọ jókòó ti àwo I Wanna Get Funky tí Albert King, onígìtá ará Amẹ́ríkà, ṣe fún ilé-iṣẹ́ orin Stax ní Memphis lọ́dún 1974. Indianola ní Mississippi ni wọ́n ti bí i ní 1923. Ó wa katakata rí kí orin tó máa bọ́ ọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ńṣe ló dojú gìtá Flying V rẹ̀, tó rí bíi lẹ́tà V, kodò láì tún okùn rẹ̀ tò, okùn tínrín wá bọ́ sókè, tó bá fà á wálẹ̀, á ké bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n sí ọ̀gá blues, orin àròdùn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, kó tó ṣe àwo yìí. Ẹgbẹ́ olórin Bar-Kays wà lára àwọn tó bá a ṣeré, àwọn afọnfèrè Memphis Horns sì fọn fèrè. Bàálù tó pa olórin Otis Redding, tí wọ́n ń bá ṣeré, ní December 1967 ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú Bar-Kays àkọ́kọ́. James Alexander tó ń ta béèsì kò sí nínú bàálù náà; òun àti Ben Cauley tó yè ló tún ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Albert, wọ́n sì mọ funk tinú tẹ̀yìn.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ wo ẹni tó yí padà. Kì í ṣe Albert. Ó ṣì ń ta ohùn mẹ́ta, mẹ́rin, á dákẹ́, á tún dáhùn. Àwọn ọmọ náà ló yí ìlù àti béèsì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti kọ Crosscut Saw fún Stax ní 1966, ó tún un kọ nínú àwo yìí, ó sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó rí i pé bàbá kan náà ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ orin kan pè mí kí n wá ta béèsì fún bàbá kan tó ti ń ta gìtá jùjú kí wọ́n tó bí mi. Kí bàbá tó gúnlẹ̀ láti Ìbàdàn, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà ti fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo ìlù tán. Ó ní kí bàbá máa bá ìró ẹ̀rọ náà lọ. Bẹ́ẹ̀, bàbá yìí a máa dúró de gángan kó sọ tirẹ̀ tán, kó tó fi gìtá fèsì. Ọ̀gá ní, "Bàbá ń pẹ́." Mo ní bàbá ò pẹ́, ẹ̀rọ ni kò mọ̀ ọ́n dúró dè. Ó ní béèsì lòun pè mí wá ta.

Nígbà tí bàbá lọ sinmi, wọ́n gé gìtá rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó sórí ìlù ẹ̀rọ. Nígbà tó padà wá gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ dópin, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń ta gìtá yẹn?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Àwo náà kò tà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà wá ń sọ kiri ni pé àgbà ò mọ funk.

Irọ́ ni! Bàbá tó ti ń ṣeré ní Èkó nígbà tí James Brown, àgbà olórin funk Amẹ́ríkà, wá síbẹ̀ ní 1970, tí Fela ń da ìgboro rú, tó ń mú àwọn ará òde àríyá jó di àfẹ̀mọ́júmọ́, òun ni kò mọ ìlù tó ń múni jó? Wọ́n ṣe irú èyí fún Muddy Waters, àgbà olórin blues, ní Chicago lọ́dún 1968 nínú àwo Electric Mud. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí bàbá dá nìkan ta gìtá títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, kí onílù jókòó síbi tó ti ń rí ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí James Brown fi kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé, tí wọ́n bá ń ka ìlù ní mẹ́rin mẹ́rin, kí wọ́n tẹ ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí ìlù yẹn bá ti dúró ṣinṣin, bàbá á mọ ibi tó máa padà sí, ó sì lè pẹ́ bó ṣe wù ú láàárín rẹ̀. Kí béèsì má sọ̀rọ̀ jù. Kí fèrè dúró títí gìtá á fi sọ tirẹ̀ tán. Ohunkóhun tó bá sì ta, ẹ má gé e.

Wọ́n ní bàbá yín ò tíì padà sílé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tún wá. Tẹ́ ẹ bá nílò béèsì, mò ń bọ̀, mi ò sì ní gbowó.