Téèpù télọ̀ láyà ẹṣin Bàbá

Ọjọ́rú, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lónìí ni mo ti wà lọ́dọ̀ ẹṣin, tèmi ti téèpù télọ̀ lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń wọ̀n ọ́n. Mo fi téèpù yí i láyà ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, mo dúró títí ó fi mí síta, mo kà á: sẹ̀ǹtímítà 167. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, 172 ni. Gígùn rẹ̀ láti èjìká dé ìdí ò yí padà, 145 náà ni. Ìṣirò tí dókítà ẹran kọ́ mi ni pé kí n sọ iye àyà di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, kí n tún fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí n wá fi 11,880 pín in. Ohun tó jáde ni kílò 340. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọ̀rá ara rẹ̀ kù, 361 ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un ṣe lórí fóònù kí n tó gbà pé òótọ́ ni. Ni mo bá dojú bo ọrùn rẹ̀, omijé bọ́ lójú mi.

Ní ilé wa, ta ló mọ̀ pé ẹṣin lè sanra jù? Ìlọrin ni Bàbá ti rà á wá, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló sì ń bà wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀: kó má lọ rù. Ẹ̀rù náà nídìí. Ilẹ̀ igbó ni tiwa, eṣinṣin tsetse sì ti ń pa ẹṣin nílẹ̀ igbó láti ayébáyé. Ẹṣin tó bá kó kòkòrò tí eṣinṣin yẹn ń gbé kiri, ibà á máa mú un, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀, á rù kan egungun. Nítorí náà, ẹṣin tí ara rẹ̀ ń dán, tí ìdí rẹ̀ tóbi, tí ọrùn rẹ̀ ki, ìyẹn ni ẹṣin lójú àwọn àgbà wa. Bí Bàbá bá gùn ún lọ síbi ìwúyè, "Ẹ kú ìtọ́jú o!" ni gbogbo ènìyàn ń kí wọn.

Gbogbo àdúgbò ló sì ń bọ́ ọ. Ọkà bàbà láàárọ̀, èèrí àgbàdo tí a pò mọ́ omi nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé á bù ú ní búrẹ́dì. Màmá tó ń ta iyán ní ìkóríta wa, bí wọ́n bá ti bẹ iṣu tán, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ èèpo kan wá fún un. Èèpo náà nípọn, iṣu ṣì wà lára rẹ̀ dáadáa. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń bẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀ ni.

Ní ìparí oṣù Kẹfà, òjò rọ̀ mọ́jú, mo sì bá a tó dúró bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, ó kó ìwúwo ara rẹ̀ sẹ́yìn. Mo fà á, kò mira. Mo fọwọ́ kan pátákò rẹ̀, ó gbóná. Mo gbé ìka sẹ́yìn ẹsẹ̀ náà, lókè pátákò, iṣan ẹ̀jẹ̀ ń lù kì, kì, kì.

Dókítà ní oúnjẹ ni. Nǹkan kan wà nínú pátákò, tín-tìn-tín bí awọ, tó so egungun mọ́ ògiri pátákò. Ẹṣin tó tètè ń sanra, bí ṣúgà inú ọkà àti èèpo iṣu bá pọ̀ lára rẹ̀, ínsúlínì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, á ga kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tó so egungun yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bó bá tú jù, egungun á yẹ̀ wálẹ̀ nínú pátákò. Wọ́n ní kí n fi ìka pa ẹ̀yìn ọwọ́ ara mi: bó ṣe yẹ kí ìhà ẹṣin rí lábẹ́ ìka nìyẹn, ojú ò rí egungun ṣùgbọ́n ọwọ́ ń kàn án. Wọ́n ní kí n di ẹ̀ṣẹ́, kí n pa oríkèé ìka: ẹṣin tó rù. Kí n wá tẹ àtẹ́lẹwọ́ níbi ìdí àtàǹpàkò: ẹṣin tó sanra jù. Mo wá tẹ ìhà ẹṣin wa. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, mi ò kan egungun kankan.

Mo rò pé wọ́n máa ní ká má fún un lóúnjẹ ni. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ikùn ẹṣin ò yéé sun omi kíkan rẹ̀, yálà ó jẹun tàbí kò jẹ, ó ní láti máa rí nǹkan rún lẹ́nu. Bí ebi bá sì dédé pa ẹṣin tó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ lè ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀, kó sì pa á. Koríko gbígbẹ ni kó máa jẹ, kílò kan ààbọ̀ lórí kílò 100 tó bá wọ̀n, lóòjọ́. Tiẹ̀ jẹ́ kílò 5.4. Ọkà, ó tán. Èèrí, ó tán.

Iṣẹ́ wá dé. Bí oòrùn bá ti yọ, a ó sá koríko sórí tapólì, a ó sì sáré kó o bí òjò bá ṣú, torí èyí tó bá bu kò ṣeé fún ẹṣin. Síkéèlì tí àwọn alápatà fi ń gbé ẹran kọ́ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ó di inú bàsíà omi fún wákàtí kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé koríko náà sókè, ẹnu yà mí: omi ti pọ́n bí àgbo ibà. Ṣúgà inú koríko ló ń bá omi yẹn lọ, dídànù la sì ń dà á. Àwọn ohun aṣaralóore mìíràn náà ń bá a lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fún un ní ìyẹ̀fun èròjà tí dókítà kọ fún wa, pẹ̀lú òkúta iyọ̀ tó ń lá. Inú àwọ̀n onílọ́po méjì ni mo ń kó koríko sí, kó lè máa fi ètè fà á díẹ̀díẹ̀. Ohun tó máa ń jẹ tán ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ di ọ̀sán báyìí.

Ti ènìyàn ló le jù. Bàbá bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ mi ń febi pa ẹṣin mi ni?" Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi dá mi lóhùn dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fọwọ́ kan pátákò náà fúnra wọn. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n yára gbé ọwọ́ kúrò. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá gan-an ló ń lé àwọn ọmọ oníbúrẹ́dì.

Dókítà ti gbà wá láyè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kí a máa rìn ín jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ rírọ̀. Nírọ̀lẹ́ òní, mo fà á gba ẹ̀yìn ilé títí a fi ń wo orí àpáta Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ gírígírí, kò tiro.

Nígbà tí a dé, Màmá oníyán ti dúró dè wá pẹ̀lú èèpo iṣu tuntun. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fún àwọn ewúrẹ́." Wọn ò bínú. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n fi pa á níhàá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá owó lápò.

"Ọmọ mi, mo kan egungun. Kò ha ń dùn ún?"

"Rárá, Màmá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Wọ́n tún pa á lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ bá àwọn ewúrẹ́. Láti ọ̀la lọ, kílò 5.1 ni màá máa wọ̀n fún un.