Bíréèkì tó ń ta mí lẹ́sẹ̀

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí mo rà ní Kútọnu yìí, bí mo bá ti tẹ bíréèkì lórí eré, ṣe ló máa ń ta mí lẹ́sẹ̀ padà, gìdì-gìdì-gìdì. Láti Pọ̀bẹ̀ títí a fi wọ Kétu, ìyàwó mi ò sinmi àdúrà. Ẹni tó tà á ní páàdì ló gbó. Páàdì kẹ̀!

Mẹkáníìkì wa kò tíì fọwọ́ kan nǹkan tó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé sítẹ́rìn náà ń gbọ̀n?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní iwájú ni kí á kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ká ní ìdí àti ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń mì, ẹ̀yìn ni ì bá fura sí.

Nígbà tó yọ díìsìkì, ìyẹn àwo irin tí páàdì máa ń fún mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró, ìpẹtà ti ṣù sórí họ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn irin tí díìsìkì àti táyà jókòó lé, díìsìkì ò wá lè jókòó dọ́gba. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha họ́ọ̀bù náà títí ó fi dán. Díìsìkì fúnra rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ níbì kan ju ibòmíì lọ, la bá pààrọ̀ ọ̀tún àtòsì, pẹ̀lú páàdì. Nọ́ọ̀tì táyà ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ló ń fún wọn, ní ìdojúkọra, kì í ṣe kó fún ọ̀kan pa kó tó kan èkejì.

Bíréèkì ti rọ̀ báyìí. Ẹni tó ta ọkọ̀ ò gbé fóònù mi mọ́ ṣá o.