Ohùn Ìyá Àgbà Ṣì Wà

Ní Sátidé tó kọjá, kọ̀ǹpútà mi kọ̀ jálẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Bí mo bá tàn án, àmì Windows á yọ, òbíríkítí kékeré á máa yí, á tún kú. Àyà mi já. Fọ́tò Ojúde Ọba 2023 àti 2024 wà níbẹ̀, àti ohùn ìyá àgbà mi tó ń fi Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ki oríkì ilé wa. Ìyá àgbà ti lọ sinmi.

Mo yá kọ̀ǹpútà àbúrò mi, mo fi kó Windows 11 sórí fláàṣì 8GB, kí n lè tún Windows gbé sórí tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo yọ díráìfù ìta, èyí tí mo ń kó ẹ̀dà àwọn fáìlì mi sí, kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yọ ọ́, kí ẹ má baà ṣèèṣì pa òun náà rẹ́. Síbẹ̀, nígbà tó kan kí n nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà, ìka mi dúró lórí bọ́tìnnì fún ìgbà pípẹ́.

Ó parí. Mo dá àwọn fáìlì padà láti inú díráìfù ìta yẹn, ohùn yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ikọ́ kékeré tí wọ́n máa ń wú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó pé síbẹ̀. Màmá mi fi ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ lórí iná, wọ́n sáré wọlé:

"Ṣé ohùn Màámi kọ́ nìyẹn?"