Ẹ Má Fi Sóyà Àìsè Bá Mi Ṣe Ọ̀gì Mọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí ààrò, ẹ̀yin tí ẹ óò gba òmìnira kí oṣù yìí tó tán, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó tó ń bọ̀. N kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà tàbí bí wọ́n ṣe ń fọ panla. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kó má tíì rán aṣọ òmìnira. Ìwé tí ẹ kọ ló gbé mi dìde. Wọ́n ní kí kálukú mú oúnjẹ kan tí wọ́n ń sè nílé rẹ̀, kó dín owó rẹ̀ kù, kí oore tó ń ṣe fún ara má sì dín. Mo kà á tán láti òkè délẹ̀. Àṣìṣe tí àwọn tó ṣáájú yín ṣe náà lẹ tún ṣe, bí ẹni pé ẹ jókòó dà á kọ ni.

Ẹ jẹ́ ká tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: ẹ mọ ohun tí ẹ óò yọ. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni ẹnì kan nínú yín mú wá: ẹyin, edé, ẹja yíyan, ẹja inú agolo, ẹran inú agolo, ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn. Owó wọ́n, ó kọ́kọ́ yọ ẹja yíyan, ó yọ edé, ó wá fi mágí mẹ́rin dí àlàfo. Ẹnu á gbà pé nǹkan wà níbẹ̀, ara kò ní rí nǹkan kan gbà. Ẹran inú agolo àti mùdùnmúdùn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ẹ ra ṣàwá gbígbẹ, ẹ yọ orí àti ìfun rẹ̀, ẹ yan án lórí iná pẹ́lẹ́ títí yóò fi máa kán pẹ̀ẹ́, ẹ gún un tegungun-tegungun, ẹ jọ̀ ọ́. Ṣíbí ìjẹun méjì tó kún fọ́fọ́ tó fún ife ẹ̀wà mẹ́ta. Egungun yẹn ní kálísíọ̀mù, èyí tó ń mú egungun le, tí ẹran inú agolo kò ní tó. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: bí ẹ bá gé odidi ẹja sí mẹ́wàá, ẹnì kan á bá ìrù pàdé, ẹlòmíràn á bá egungun nìkan pàdé, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ẹja dé inú gbogbo ewé bákan náà. Àti pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka pọ̀nmọ́ mọ́ ẹran. Ó dùn ún jẹ, mo gbà, àmọ́ irú amúaradàgbà tó wà nínú awọ kò pé.

Ẹ̀kọ́ kejì kò gùn: ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kì í ṣe ewúro. Ẹ ń gé e wẹ́wẹ́ tán, ẹ ń da omi gbígbóná lé e, ẹ wá ń fún un bí aṣọ ìlédìí. Omi aláwọ̀ ewé tí ẹ dà sí gọ́tà yẹn, owó ọjà yín wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi káun sí i, nítorí káun ń ba fítámì jẹ́. Bí epo pupa bá ti funfun lórí iná, ohun tó ń di fítámì A nínú rẹ̀ ti jóná. Ẹ kàn jẹ́ kó gbóná kí àlùbọ́sà lè dáhùn. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni sóyà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, mi ò sì mọ̀ bóyá n óò lè dé ìdí ẹ̀kọ́ kẹrin.

Mẹ́rin nínú ìwé mẹ́fà ló fi sóyà sí ọ̀gì. Èrò náà dára. Àgbàdo nìkan kò tó ọmọdé. Ní 1933 ni Cicely Williams, dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àìsàn àwọn ọmọ tó jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń jẹ ṣáá lẹ́yìn ọmú. Ní 1935 ló lo orúkọ tí àwọn Gã, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ń pe àìsàn náà, kwashiorkor. Ní tiwa níbí, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Oṣòdì, FIIRO, ti ṣe ọ̀gì oní sóyà tipẹ́, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, náà sì kọ́ àwọn obìnrin abúlé bí wọ́n ṣe lè fi sóyà kún oúnjẹ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sè. Àgbàdo kò ní láísìn tó, ìyẹn ọ̀kan lára èròjà tó ń para pọ̀ di amúaradàgbà, sóyà ní in dáadáa. Ohun tí sóyà sì ṣe aláìní díẹ̀, àgbàdo ń bá a gbé e. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí 23 ni amúaradàgbà. Ti sóyà tó nǹkan bí 36. Ẹ ti ka gbogbo ìyẹn, ẹ kọ ọ́ dáadáa síwájú ìwé.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ kọ sábẹ́ “bí a ṣe ń ṣe é”. Ẹ ní kí wọ́n rẹ kọ́ńgò àgbàdo méjì pẹ̀lú kọ́ńgò sóyà kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n lọ̀ ọ́ pọ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí ó tòrò, kí wọ́n fi omi híhó pò ó fún ọmọ. Kò sí ibì kankan tí sóyà náà ti fojú kan iná.

Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé sóyà yẹn látinú ike dé ẹnu ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, omi àgbàdo ti ń kan, ó ń ta sánsán bó ṣe yẹ. Sóyà tó wà láàárín rẹ̀ ti ń yọ̀, ó sì ti ń rùn, òórùn rẹ̀ yàtọ̀ sí kíkan ọ̀gì. Lọ́jọ́ kẹta ó dé ẹ̀rọ. Nígbà tí sóyà àìsè bá fọ́ nínú omi tútù, ohun kan nínú rẹ̀ á kan òróró inú rẹ̀, òórùn bíi koríko tútù á sì jáde. Òórùn yẹn kì í lọ mọ́. Ṣúgà kò lè bò ó, fàníllà kò lè bò ó. Lẹ́yìn náà, asẹ́. Apá kan nínú sóyà náà kò já aṣọ asẹ́ kọjá; ó bá èérí lọ. Ewúrẹ́ bá ọmọ jẹ nínú amúaradàgbà rẹ̀. Èyí tó já kọjá sínú ọ̀gì ni wọ́n wá da omi híhó lé fún ìṣẹ́jú kan, ọ̀gì dì, wọ́n gbé e kalẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò sè é. Sóyà tí a kò sè ní èròjà kan tó ń dí omi inú wa lọ́wọ́ láti da amúaradàgbà. Inú ọmọ á máa run ún, ó lè máa yàgbẹ́ gbuuru, èyí tó jẹ nínú sóyà náà kò sì ní ṣe é lóore tó yẹ. Ìyá ọmọ á ní sóyà kò bá ọmọ òun lára mu, á sì padà sídìí ọ̀gì funfun àti ṣúgà. Bí ẹ ṣe lé oúnjẹ dáadáa jáde nílé olówó kékeré nìyẹn, ẹ wá ní oúnjẹ tálákà ni kò dùn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé èyí kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Ẹ̀yin náà ni ẹ óò se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀. Ẹ ń wo sóyà bí oògùn tí wọ́n ń bù kún nǹkan, ẹ kò wò ó bí oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá náà kì í sọ ìdí nǹkan fún ọmọṣẹ́, “ṣáà máa wò mí” ni, ẹni tí kò sì mọ ìdí ni yóò kọ́kọ́ gé ìṣísẹ̀ kan kúrò nígbà tí gáàsì bá wọ́n. Nítorí náà ìdí rè é, ọ̀nà sì rè é.

Ẹ ṣa sóyà, ẹ yọ òkúta àti èyí tó fọ́. Ẹ gbé omi kaná lọ́tọ̀, ife omi mẹ́rin fún ife sóyà kan. Omi gbọ́dọ̀ ti máa hó dáadáa kí sóyà tó wọ inú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sì máa dà á kí híhó má baà dáwọ́ dúró. Ooru òjijì yẹn ló ń pa ohun tó ń fa òórùn koríko kí ẹ̀rọ tó fọ́ ọ. Nígbà tó bá tún hó padà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má dé ìkòkò pa. Sóyà máa ń ru fóòmù, yóò sì pa iná fún yín. Ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo léfòó, ẹ yọ èèpo dànù. Ẹ mú hóró kan, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: bó bá là sí méjì láìsí wàhálà, tí kò rùn bí ẹ̀wà tútù, ó ti jinná. Bó bá ń ta kọ́ọ́ lẹ́nu, ẹ dá a padà.

Ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi máa dún ṣàkàṣàkà nínú àwo. Ẹ wá yan án nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná pẹ́lẹ́, kí ọwọ́ má kúrò lára orógùn, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí oyin, tí yóò máa ta sánsán bí ẹ̀pà. Ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ata, ẹ ṣàánú ọmọ. Ẹ jọ̀ ọ́, ẹ rọ ọ́ sínú agolo gbígbẹ tó dé dáadáa. Sóyà ní òróró, nítorí náà kì í pẹ́ kó tó yí padà: èyí tí ẹ óò lò láàárín oṣù kan ni kí ẹ ṣe. Ẹni tó bá se kọ́ńgò kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní máa jó gáàsì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń dín.

Ọ̀gì ní tirẹ̀, ẹ ṣe é bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àgbàdo nìkan, kó kan dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ omidùn rẹ̀. Ẹ má da sóyà sínú ike ọ̀gì, yóò bàjẹ́ kíákíá. Ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ mu ún ni: ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ọ̀gì tútù, ṣíbí kan ìyẹ̀fun sóyà, ife omi kan. Ẹ fi díẹ̀ nínú omi tútù pò ó títí kò fi ní kókó, ẹ fi ìyókù kún un, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Kò ní ki bí ọ̀gì lásán, nítorí sóyà kò ní sítáàṣì tí ń mú nǹkan dì. Ẹ má torí ìyẹn bu ọ̀gì sí i, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ba ìwọ̀n jẹ́. Ẹ dín omi kù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò ní nǹkan án ṣe níbẹ̀, ọmú ìyá rẹ̀ tó o.

Ẹni tó fi sóyà nìkan ṣe mọ́ínmọ́ín, ọ̀rọ̀ sítáàṣì yìí kan náà ló mú tirẹ̀ fọ́ wómúwómú sínú ewé. Ẹ̀wà ló ń dì í mú. Ife ẹ̀wà mẹ́ta sí sóyà kan, sóyà náà bíbọ̀ bí mo ti wí, kẹ́ ẹ lọ méjèèjì pọ̀ kó kúnná, omi tí ẹ óò fi pò ó kó má ju ife méjì ààbọ̀ lọ. Wákàtí kan lórí iná. Ẹ ti ọ̀bẹ bọ àárín èyí tó tóbi jù. Bó bá jáde ní mímọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ kí ẹ tó tú ewé.

Ẹnì kan tún kọ àkàrà sóyà. Sóyà bíbọ̀ kì í gba afẹ́fẹ́ bí ẹ̀wà, ẹ lù ú títí ọwọ́ yóò fi já, kò ní wú. Sóyà àìsè náà kò ṣeé lò, torí ìṣẹ́jú mélòó ni àkàrà ń lò nínú òróró? Ẹ fi ẹ̀wà ṣe àkàrà.