Àyẹ̀wò ọdún: ohun tó kù lọ́wọ́ wa nínú gbígbọ̀n àwọn magnetar

Oṣù Kejìlá ló bójú mu jù láti ṣírò iṣẹ́ yìí. 27 oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni ìbúgbàù ńlá magnetar SGR 1806-20 dé ọ̀dọ̀ wa (magnetar ni ìràwọ̀ neutron, òkú ìràwọ̀ tó ki gan-an, tí òòfà rẹ̀ lágbára gidigidi), òun náà sì ni àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí magnetar ní Ìbàdàn ṣì ń tú palẹ̀. Méjì péré ló ṣáájú rẹ̀ láti ìtòsí: SGR 0526-66 ní 5 oṣù Kẹta 1979, àti SGR 1900+14 ní 27 oṣù Kẹjọ 1998.

Bí onígángan bá ṣe fún ọsán tó ni ohùn ìlù ṣe máa ga tó. Ìràwọ̀ neutron náà ń fi ohùn sọ bí ara rẹ̀ ṣe le tó. Èèpo rẹ̀ nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà kan, ìgbì tó ń mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún sì ń sáré tó 1,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi ìlọ́po méjì ìnípọn pín ìyára náà: bí ìnípọn bá jẹ́ 0.8 kìlómítà, 625 Hz (ìgbọ̀n 625 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ló máa jáde. 625 Hz sì wà lára gbígbọ̀n tí wọ́n rí nínú ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàù 2004, pẹ̀lú 18, 26, 30, 92.5, 150 àti 1,840.

Lọ́dún yìí, a kò fi 625 yẹn wọn ìnípọn èèpo mọ́.

Ẹ wo SGR 1900+14: 28, 53.5, 84 àti 155 Hz. Nínú àgbékalẹ̀ àtijọ́, a ó fi √[l(l+1)/6] sọ 28 di púpọ̀ (l ni nọ́ńbà tó ń sọ bí èèpo ṣe pín sí apá-apá bó ṣe ń gbọ̀n). Bí l bá jẹ́ 4, 7 àti 13, a ó rí 51, 85.5 àti 154. Ó bára mu gan-an. Àgbékalẹ̀ tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà ń lo √[(l−1)(l+2)/4], àwọn l kan náà sì di 59, 103 àti 188. Ìbáramu náà fọ́. Ní 2006, Yuri Levin, onímọ̀ físíìsì ìràwọ̀, fi hàn pé agbára òòfà ìràwọ̀ náà, tó wà láàárín 10¹⁴ àti 10¹⁵ gauss, so èèpo pọ̀ mọ́ inú lọ́hùn-ún, débi pé gbígbọ̀n èèpo ń jò lọ sínú kíákíá. Èyí kò ba iṣẹ́ jẹ́ rárá, inú lọ́hùn-ún gan-an la fẹ́ mọ̀; ṣùgbọ́n a kò lè ka nọ́ńbà kan ṣoṣo kí a sì pè é ní ti èèpo.

Ibi tó gba àkókò wa jù ni ariwo. Ìrù ìbúgbàù 2004, ìmọ́lẹ̀ tó ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìtànná àkọ́kọ́, gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 380. Gé e sí wẹ́wẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ka fótónù (hóró ìmọ́lẹ̀) ní ìdá 8,192 ìṣẹ́jú àáyá, o ó lè wò dé 4,096 Hz. Ní ìwọ̀n Leahy, ọ̀nà tí a fi ń díwọ̀n agbára (P) ní Hz kọ̀ọ̀kan, ariwo lásán máa ń wà ní 2, ìṣeéṣe pé yóò ju P kan lọ sì jẹ́ e^(−P/2). Ṣùgbọ́n ibi tí o wò ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ (4,096 × 380). Nítorí náà, P tó jẹ́ 30, tó ga fíofío lójú, ariwo lè mú un wá ní ìwọ̀n 0.48. Ó di 40 kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí 0.003. Bí o bá tún yan apá kan nínú ìyípo ìràwọ̀ náà (ìṣẹ́jú àáyá 7.56) lẹ́yìn tí o ti rí ibi tó dára, kà á mọ́ ọn. 84 Hz ti 1998 hàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ní apá kan ìyípo. Ẹni tí kò bá ka gbogbo ibi tó wò ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìdẹkùn méjì mìíràn wà. Nínú ìtànná àkọ́kọ́, fótónù ya lu ẹ̀rọ débi pé kò ríran mọ́, ariwo á wá lọ sábẹ́ 2. A máa ń yọ ibẹ̀ kúrò. Ìyípo àti ṣíṣá ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gbé ariwo sókè nísàlẹ̀, nítorí náà a kì í fi 2 díwọ̀n 18 Hz; ìrísí ariwo gan-an la ń fi díwọ̀n rẹ̀.

92.5 Hz ló dá mi lójú jù, nítorí RXTE àti RHESSI, sátẹ́láìtì NASA méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló rí i. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí Miller, Chirenti àti Strohmayer ṣe ní 2019 bá a mu pé gbígbọ̀n wọ̀nyí ń kú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kí nǹkan tún tó jí wọn. Ní tèmi, èyí ló ṣe pàtàkì jù: ìyára ikú gbígbọ̀n ń sọ nípa inú ju nọ́ńbà Hz lọ. Ìbúgbàù ti NGC 253 (ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn tó jìnnà sí tiwa), ní 15 oṣù Kẹrin 2020, ní 2,132 àti 4,250 Hz. Mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀ ló wà níbẹ̀, fèrèsé mílísẹ́kọ́ńdì 4 sì ń fún wa ní ìpele 250 Hz. Ẹ má fi wọn wọn nǹkan tínrín.

Fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilé: dátà RXTE wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní HEASARC, ibi ìpamọ́ dátà NASA, Stingray (àkójọ ètò Python) sì lè ṣe ìṣirò náà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ègé 380 kì í gba ìṣẹ́jú kan. Àfarawé ariwo ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló ń jẹ bátìrì, nítorí náà máa kọ èsì sílẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, kí iná tó bá lọ má lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kọ iye fèrèsé, ìpín ìyípo àti ààlà P sílẹ̀ kí o tó ṣí fáìlì ìbúgbàù tó ń bọ̀.