Ramesh tó fi ìdíje sílẹ̀ torí ọmọ ọlọ́mọ

Táwọn èèyàn bá ti ń pariwo Praggnanandhaa, ọ̀dọ́ ará India tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, inú mi máa ń dùn o, àmọ́ ẹni tọ́kàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ ni R. B. Ramesh, kóòṣì tó kọ́ ọ ní Chennai. Kì í ṣe pé ṣẹ́ẹ̀sì sú u ló bá sá lọ di tíṣà. Grandmaster (oyè tó ga jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì) lòun fúnra ẹ̀, ó gba British Championship ní 2002, ó tún gba ti Commonwealth ní 2007, agbára ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Àfi bó ṣe di 2008 tó pa ìdíje tì, tóun àti Aarthie Ramaswamy ìyàwó ẹ̀ (ìyẹn náà gba ife àgbáyé tàwọn ọmọbìnrin tí ò ju 18 lọ ní 1999) dá Chess Gurukul, ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ní ní Indian Oil, ilé iṣẹ́ epo, ó fi ìyẹn náà sílẹ̀. Iṣẹ́ olówó oṣù! Ìgboyà ńlá nìyẹn lójú tèmi.

Ìṣírò, ìyẹn kéèyàn máa ro àwọn ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́kàn, ló máa ń tẹnu mọ́ jù, ibẹ̀ gan-an ló sì wù mí. Wọ́n á to ọmọ ayò sórí pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó tì í, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, inú orí ẹ̀ ni ẹṣin ti máa fò, ibẹ̀ náà ni bíṣọ́ọ̀bù ti máa jẹ ẹ́, á tún ro nǹkan tí ẹnì kejì máa fi fèsì, á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi rí ibi tó máa já sí. Ẹ dán an wò. Kẹ́ ẹ tó dé ìgbésẹ̀ karùn-ún, ẹ lè má mọ ibi tí rúùkù yín wà mọ́.

Pragg (Praggnanandhaa yẹn náà ni) di grandmaster ní 2018, ọmọ ọdún 12 ni nígbà yẹn. Ní World Cup 2023 ní Baku ó lé Nakamura lọ, ó lé Caruana lọ, méjì lára àwọn ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, Carlsen tóun náà jẹ́ ọ̀gá ló tó dá a dúró ní àṣekágbá, àfìgbà tí wọ́n dé taibúrékì (àwọn géèmù kúkúrú tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí tí wọ́n bá ta ọ̀mì) náà ni. Vaishali ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin náà ti gboyè grandmaster, kò tíì sí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ìyá kan náà tó jọ ṣe irú ẹ̀ rí.

Àmọ́ Olympiad 2022, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì táwọn orílẹ̀-èdè máa ń kó ẹgbẹ́ wá sí, ní Chennai níbẹ̀, ni mi ò lè gbàgbé. Ramesh ni kóòṣì ẹgbẹ́ kejì India, àwọn ọmọdé bíi Gukesh àti Pragg ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n gba idẹ, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí rétìn wọn (nọ́ńbà tó ń fi bí agbára èèyàn ṣe tó hàn) ga ju tiwọn lọ ṣe ipò kẹrin. Aravindh Chithambaram náà, ọwọ́ Ramesh ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá àwọn géèmù ẹ̀ wò.